Tí iná bá ti lọ tó dé, sístẹ́ẹ̀mù ṣọ́ọ̀bù mi kì í rí ara wọn mọ́. Ṣé nọ́ńbà ni ká máa fi pè wọ́n ni àbí orúkọ?

ÌyáÌbejì_Agbowó · Sátidé, 8:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, ó ti fẹ́ máa ba ọjà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, Ìbàdàn níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò yẹn ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn ọmọ UI la ń ṣe jù, ká bá wọn tẹ project, ká tẹ̀ ẹ́ síta, ká dè é. Sístẹ́ẹ̀mù mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà níwájú mi là ń pè ní Sístẹ́ẹ̀mù 1, òun la so príńtà mọ́, orí ẹ̀ náà ni fóldà tó ń jẹ́ ISE wà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gbogbo kọsítọ́mà ń wọ̀. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ń lo mẹ́ta tó kù, tí wọ́n bá ti tẹ iṣẹ́ tán wọ́n á gbé e sínú ISE, èmi á tẹ̀ ẹ́ síta.

Ẹni tó bá wa so wọ́n pọ̀ fi shortcut kan sójú sístẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan, ohun tó kọ sínú ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà Sístẹ́ẹ̀mù 1 lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti orúkọ fóldà, ni \\192.168.0.104\ISE. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, tí NEPA bá ti mú iná tá a wá tan jẹnẹrétọ̀, ìgbà míì á ṣí, ìgbà míì á ní "Windows cannot access". Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ọmọbìnrin kan dúró tì mí, project ojú ìwé 87, ó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí ọ́fíìsì tó tì ní aago mẹ́rin, ISE kọ̀ kò ṣí, la bá ń wá flash kiri ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà ló tó kúrò lọ́dọ̀ wa, omi ti lé ròrò sójú ọmọ ọlọ́mọ. Ó dùn mí wọra.

Ohun tí kò yé mi rárá ni pé tí mo bá wà lórí Sístẹ́ẹ̀mù 2 tí mo ping 192.168.0.104 (àṣẹ tó ń bi ẹ̀rọ pé ṣé o wà níbẹ̀), ó ń dáhùn! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo rí Reply. Ká ní kò dáhùn ni, mo máa sọ pé kò sí nílé. Ó wà nílé, ó ń jẹ́ mi lóhùn, kí ló wá dé tí kò ṣílẹ̀kùn?

ọmọ_wáyà · Sátidé, 8:31 alẹ́

Mọ̀mí ẹ káalẹ́. Firewall ni, ẹ̀ṣọ́ inú Windows tó ń dí àlejò lọ́nà. Ẹ lọ pa á pátápátá lórí Sístẹ́ẹ̀mù 1 ẹ ó rí i pé gbogbo ẹ̀ á ṣí. Bá a ṣe ń ṣe é níbi tí mò ń bá ṣiṣẹ́ nìyẹn.

BàbáKébù · Sátidé, 9:02 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa firewall o. Ọmọ_wáyà, mi ò bá ẹ jà, mo mọ̀ pé o fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí fóldà ISE ń gbà, ìyẹn port 445, ibẹ̀ náà ni WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, gbà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó ń fò láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkankan. Ṣọ́ọ̀bù tí flash oríṣiríṣi ń wọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kì í ṣe ibi téèyàn ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè yín dáa, ẹ sì ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà láìmọ̀. Ẹ ní ẹni kan ń dáhùn. Ó dáa, ta ló ń dáhùn? Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má pa nǹkankan, ẹ bá mi ṣe nǹkan méjì yìí. Ẹ lọ jókòó sórí Sístẹ́ẹ̀mù 1 fúnra ẹ̀, ẹ ṣí cmd (ojú dúdú tá a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ ipconfig /all, ẹ kọ ohun tó wà níwájú IPv4 Address àti ohun tó wà níwájú Physical Address. Kẹ́ ẹ wá bọ́ sórí Sístẹ́ẹ̀mù 2, ẹ ping 104 yẹn, tó bá ti dáhùn tán kẹ́ ẹ tẹ arp -a, tó ń fi Physical Address ẹni tó dáhùn hàn, kẹ́ ẹ wo ìlà tí 104 wà. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ wá síbí.

ÌyáÌbejì_Agbowó · Ọjọ́ Ajé, 11:46 àárọ̀

Bàbá, ó ti ṣẹlẹ̀ o. Wọ́n mú iná ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, a tan jẹnẹrétọ̀, ISE ò ṣí. Mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Lórí Sístẹ́ẹ̀mù 1, IPv4 Address ń kọ 192.168.0.107. 107 ni o, kì í ṣe 104! Physical Address ẹ̀ parí sí 5E-9F. Lórí Sístẹ́ẹ̀mù 2, arp -a gbé èyí jáde:

192.168.0.104   da-31-0b-7e-44-19

Wọn ò jọra rárá. Ta wá ni 104?

BàbáKébù · Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán

Fóònù kọsítọ́mà ni. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀. Physical Address yẹn ni ohun tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀ sí ara wọn, oríṣi méjì ló sì wà: èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ mọ́ ọn, àti èyí tí ẹ̀rọ dá hùmọ̀ fúnra ẹ̀. Tí ohun kejì tẹ́ ẹ rí níbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ 2, 6, a tàbí e, èyí tó dá hùmọ̀ ni. Tiyín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "da", ohun kejì ni a. Fóònù ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, Android láti ẹ̀dà 10 tó jáde ní 2019, iPhone láti iOS 14 ní 2020. Ẹ ti ń fún àwọn ọmọ iléèwé ní pàsíwọ́ọ̀dù Wi-Fi yín láti nǹkan bí oṣù méjì, àbí mo parọ́?

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ráútà yín ló ń pín nọ́ńbà fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé, DHCP lorúkọ iṣẹ́ yẹn. Ó dà bí nọ́ńbà tí wọ́n ń fún wa ní ọsibítù láàárọ̀, ẹni tó gba 104 lónìí kì í ṣe ẹni tó gbà á lánàá. Ráútà míì wà tó jẹ́ pé tí iná bá ti kúrò lára ẹ̀, ìwé tó kọ gbogbo nọ́ńbà tó pín sí á pa rẹ́ lórí ẹ̀. Wàyí o, ẹ ronú sí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Ráútà tàn. Sístẹ́ẹ̀mù 1 ṣì ń gbé Windows dìde. Fóònù kọsítọ́mà tó wà lórí bẹ́ǹṣì ńkọ́? Bátìrì ló wà lórí ẹ̀, kò kú rí, ojú ẹ̀ ti là, òun ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ráútà á fún un ní 104. Nígbà tí Sístẹ́ẹ̀mù 1 bá fi máa dé, tó ní òun fẹ́ nọ́ńbà òun àtijọ́, wọ́n á ní ẹnìkan ti wà níbẹ̀, wọ́n á fún un ní òmíràn.

Ìdí tí ping fi ń dáhùn tí fóldà ò ṣí nìyẹn. Ilé tẹ́ ẹ kanlẹ̀kùn ẹ̀ ní ẹni nínú, àmọ́ kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ ń wá.

ÌyáÌbejì_Agbowó · Ọjọ́ Ajé, 12:41 ọ̀sán

Bàbá Olúwa á ṣe tiyín! Oṣù méjì gangan ni mo lẹ pàsíwọ́ọ̀dù mọ́ ara ògiri kí wọ́n lè máa fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ látorí fóònù. Ó ti wá yé mi wàyí. Báwo la ṣe máa ṣe é?

ÌlọrinLab · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ kàn lọ kọ 192.168.0.104 sí Sístẹ́ẹ̀mù 1 fúnra ẹ̀ pé tiẹ̀ ni, kó má béèrè lọ́wọ́ ráútà mọ́. Static nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì ni.

BàbáKébù · Ọjọ́ Ajé, 1:38 ọ̀sán

Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ yẹn, ÌlọrinLab ẹ má bínú. 104 wà láàárín àwọn nọ́ńbà tí ráútà ń pín. Tẹ́ ẹ bá dá a kọ sórí sístẹ́ẹ̀mù, ráútà ò mọ̀, tí iná bá tún lọ á tún fi 104 fún fóònù, ẹ̀rọ méjì á máa jẹ́ orúkọ kan, wọ́n á máa dí ara wọn lọ́wọ́, ìyẹn le ju èyí tẹ́ ẹ bá wá lọ. Tẹ́ ẹ bá máa dá kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ewé DHCP lórí ráútà, bóyá ó ń pín láti 100 dé 199, kẹ́ ẹ wá mú èyí tí kò sí níbẹ̀, bíi 50.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Address Reservation. Lórí ráútà lẹ ti máa ṣe é, ẹ ó fi Physical Address Sístẹ́ẹ̀mù 1 síbẹ̀, ẹ ó ní ẹ̀rọ yìí, 192.168.0.150 ni kẹ́ ẹ máa fún un, ẹ má fún ẹlòmíì. Sístẹ́ẹ̀mù á máa béèrè bó ṣe ń béèrè, ráútà á máa fún un ní ọ̀kan náà títí ayé. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: Wi-Fi ní Physical Address tiẹ̀, wáyà ní tiẹ̀, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ.

Bísí_tó_ń_kọ́ṣẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ní ìbéèrè. Èmi náà lọ wo tèmi nílé, 192.168.0.104 ni mo bá lórí láptọ́ọ̀pù mi, nọ́ńbà tí mọ̀mí pè yẹn gẹ́lẹ́. Ṣé ó lè jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń kàn lára láti Ìbàdàn? Abẹ́òkúta ni mo wà o.

oríkì_kódù · Ọjọ́ Ajé, 2:19 ọ̀sán

Rárá àbúrò, ọkàn ẹ balẹ̀. Nọ́ńbà inú ilé ni. Ní oṣù Kejì ọdún 1996 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ń jẹ́ RFC 1918, pé gbogbo èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí 192.168, tàbí láti 172.16 títí dé 172.31, kí kálukú máa lò ó nínú ilé ẹ̀, kò sì ní jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bíi yàrá kìíní ni, ilé gbogbo ló ní yàrá kìíní. Tóo bá sì rí 169.254 lórí tìẹ, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ẹ ké títí kò rí ráútà tó máa fún un ní nọ́ńbà, ó wá mú ọ̀kan fúnra ẹ̀. Wáyà ni kóo lọ wò.

Ìyá Ìbejì, mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ lórí reservation, àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kún un. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pe nọ́ńbà rárá? Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Sístẹ́ẹ̀mù 1 ní orúkọ, ẹ tẹ hostname nínú cmd ẹ ó rí i, ó máa jẹ́ DESKTOP pẹ̀lú jágbajàgba lẹ́tà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, System, About, Rename this PC, ẹ sọ ọ́ ní AGBOWO1. Kó má ju lẹ́tà 15 lọ, ẹ má fi àyè sáàárín, ẹ má fi àmì ohùn tàbí ẹ àti ọ wa sí i. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tàn án. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún shortcut ṣe, kó jẹ́ \\AGBOWO1\ISE. Bí nọ́ńbà bá fẹ́ kó yí padà lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá ti pe AGBOWO1, Sístẹ́ẹ̀mù 2 á ké sí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé "ta ló ń jẹ́ AGBOWO1?", ẹni tó ń jẹ́ ẹ á dáhùn, á sì sọ nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

BàbáKébù · Ọjọ́ Ajé, 2:50 ọ̀sán

Mi ò lòdì sí orúkọ o, àmọ́ èmi ti rí ibi tí orúkọ ti kọ̀ tí nọ́ńbà ń lọ. Ẹ ṣe méjèèjì. Reservation fún ráútà, orúkọ fún èèyàn.

ẹ̀rọ_kékeré · Ọjọ́ Ajé, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá kún un láti ọ̀dọ̀ àwa tá à ń lo Linux. Mo ní Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní ojú, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, mo máa ń fi ssh, tó ń jẹ́ kéèyàn darí ẹ̀rọ láti orí ẹ̀rọ míì, wọ inú ẹ̀ láti orí láptọ́ọ̀pù. Ọdún àkọ́kọ́ nọ́ńbà ni mò ń pè. Lọ́jọ́ kan mo tẹ nọ́ńbà tí mo mọ̀, ohun tí mo rí ni ìkìlọ̀ gàdàgbà pé REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n ti wọlé sí mi lára. Àṣé ohun tí Bàbá ṣàlàyé yìí náà ni, ẹ̀rọ míì tó ní ssh ti gba nọ́ńbà yẹn, àmọ́ ssh kì í gba nọ́ńbà gbọ́ lásán, ó máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, tí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá yàtọ̀ á pariwo. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidi gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà raspberrypi.local ni mò ń pè. Orúkọ tó ń parí sí .local yẹn, mDNS ló ń gbé e rìn, ìwé RFC 6762 ti ọdún 2013 ló ṣàlàyé ẹ̀. Kò ní ẹnì kan tó ń tọ́jú orúkọ, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń dáhùn fún ara ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Agbowó · Ọjọ́bọ̀, 7:10 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o. Mo ti ṣe é. Mo fi 150 pamọ́ fún Sístẹ́ẹ̀mù 1 lórí ráútà, mo sọ ọ́ ní AGBOWO1. Sístẹ́ẹ̀mù 2 pe orúkọ, ó ṣí! Ó kọ́kọ́ béèrè pàsíwọ́ọ̀dù àmọ́ mo fún un. Sístẹ́ẹ̀mù 4 ò kọ́kọ́ ṣí, mo wá rí i pé Public (ètò ìta gbangba) ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ wà, mo yí i sí Private (ètò inú ilé), ó ṣí.

Sístẹ́ẹ̀mù 3 ló kù. Tí mo bá pe \\AGBOWO1\ISE lórí ẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rárá. Tí mo bá pe \\192.168.0.150\ISE, ó ṣí wẹ́rẹ́. Ohun tí Bàbá sọ ló ṣẹ, pé ibi kan wà tí orúkọ ń kọ̀ tí nọ́ńbà ń lọ. Mo sì gbìyànjú láti ping Sístẹ́ẹ̀mù 3 láti orí 2, kò dáhùn. Òun ń rí wa, àwa ò rí i.

oríkì_kódù · Ọjọ́bọ̀, 7:22 alẹ́

Ọ̀rọ̀ pàsíwọ́ọ̀dù yẹn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Windows ka 192.168.0.104 àti AGBOWO1 sí ẹni méjì, èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún ọ̀kan kì í wúlò fún èkejì.

Sístẹ́ẹ̀mù 3, kí ni ipconfig ẹ̀ wí?

ÌyáÌbejì_Agbowó · Ọjọ́bọ̀, 7:35 alẹ́

192.168.1.102. Default Gateway (nọ́ńbà ráútà ẹ̀) 192.168.1.1. Àh, 1 ló wà láàárín, kì í ṣe 0!

BàbáKébù · Ọjọ́bọ̀, 7:51 alẹ́

Ráútà kejì wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ wo ẹ̀yìn Sístẹ́ẹ̀mù 3.

ÌyáÌbejì_Agbowó · Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Òótọ́ ni o. Wi-Fi ò dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù dáadáa, ọmọ tó wà níbẹ̀ ti gbé ráútà kékeré kan wá láti ilé, ó fa wáyà láti ara ti àkọ́kọ́ síbẹ̀. Ó ti sọ fún mi nígbà yẹn, mi ò kà á sí nǹkankan, mo tiẹ̀ kí i pé ó ṣeun.

BàbáKébù · Ọjọ́bọ̀, 8:48 alẹ́

Ẹ má bá ọmọ náà wí, ó gbìyànjú. Ibi tó fi wáyà sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ihò kan wà lẹ́yìn ráútà tí àwọ̀ ẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀, WAN ni wọ́n kọ sí i. Tẹ́ ẹ bá fi wáyà sí WAN, ráútà kékeré yẹn á ka ṣọ́ọ̀bù yín sí ìta, á sì dá ilé tiẹ̀ kọ́, 192.168.1. Ẹni tó wà nínú ilé yẹn lè jáde wá bá yín, torí ráútà máa ń jẹ́ kéèyàn jáde, ìdí tí nọ́ńbà 150 fi ń ṣí nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin ò lè wọlé lọ bá a. Igbe "ta ló ń jẹ́ AGBOWO1" yẹn náà, ráútà kì í gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, inú ilé kékeré yẹn ló ń pin sí.

Ẹ tẹ̀lé e báyìí, ẹ má yí i po. Ẹ yọ wáyà kúrò ní WAN, ẹ so Sístẹ́ẹ̀mù 3 mọ́ ráútà kékeré nìkan, ẹ wọ ojú ewé ẹ̀, ẹ yí nọ́ńbà ti ráútà fúnra ẹ̀ sí 192.168.0.2. Á lé yín jáde, ẹ tún wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Ẹ wá pa DHCP ẹ̀, kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń pín nọ́ńbà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi wáyà tẹ́ ẹ yọ yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN, ìyẹn àwọn ihò tó kù. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi wáyà sí LAN kẹ́ ẹ tó pa DHCP, ráútà méjì á máa pín nọ́ńbà lórí ara wọn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dàrú.

Ẹ jọ̀ọ́, pàsíwọ́ọ̀dù ara ògiri yẹn, ẹ já a. Tí ráútà àkọ́kọ́ bá ní Guest Network, ìyẹn Wi-Fi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé àwọn kọsítọ́mà sí. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú ISE, nọ́ńbà matric wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, kò yẹ kí àlejò tó wá ṣe photocopy wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú ẹ̀.

ọmọ_wáyà · Ọjọ́bọ̀, 9:05 alẹ́

Bàbá, mo gbọ́. Mo ti lọ tan firewall padà níbi iṣẹ́ wa, mo ní kí n sọ fún yín.

ÌyáÌbejì_Agbowó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n mú iná lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí jẹnẹrétọ̀ tó dún débi kan, Sístẹ́ẹ̀mù 2, 3 àti 4 ti wà nínú ISE. Àwọn kọsítọ́mà ti wà lórí Guest. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Bàbá pàápàá.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Mo ping AGBOWO1 kí n lè rí 150 mi, ó dáhùn àmọ́ kò kọ 192.168 rárá, fe80 ló kọ, pẹ̀lú lẹ́tà gbọọrọ. Ṣé ẹlòmíì ló tún ń dáhùn ni?

oríkì_kódù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:17 ìrọ̀lẹ́

Òun náà ni o, Ìyá Ìbejì. IPv6 nìyẹn, oríṣi nọ́ńbà míì tó tún wà lórí ẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ara ẹ̀ ní fe80 láti bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ ping -4 AGBOWO1, á fi ti IPv4 hàn yín.

ÌyáÌbejì_Agbowó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:21 ìrọ̀lẹ́

Reply from 192.168.0.150. Mo ti rí i.